Àkàbà Hart àti Ìkópa Ọ̀dọ́ nínú Ìwádìí Àyíká

Ní ọdún 1992 ni UNICEF tẹ ìwé pẹlẹbẹ Roger Hart lórí ìkópa ọmọdé jáde. Ní 1997, ó tún mú èrò náà gbòòrò nínú ìwé tí ó ti so ó mọ́ ìtọ́jú àyíká. Àkàbà alátẹ̀gùn 8 ni Hart fi ṣe òṣùwọ̀n. Lójú rẹ̀, àtẹ̀gùn 3 ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: wọ́n kàn ń lo ọmọdé ni, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́, tàbí wọ́n ń pè é fún ojú ayé lásán.

Òkè pátápátá ni àkàbà yìí ti fakọ yọ jù. Ọ̀pọ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń dá ṣe tirẹ̀. Àtẹ̀gùn 7 nìyẹn. Ní ìkẹjọ, ọmọdé ni ó dá èrò sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti àgbà ni wọ́n jọ pinnu. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè.

Síbẹ̀, àléébù kan wà níbẹ̀. Àkàbà náà ń bèèrè ẹni tí ó pinnu. Kò sí àtẹ̀gùn kan tí ó bèèrè èdè tí wọ́n fi pinnu. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ Tunga Low Cost, ní Minna, fẹ́ wádìí òjò àti ojú àgbàrá àdúgbò wọn. Ìbéèrè tí wọ́n bá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí ‘àyípadà ojú ọjọ́’ lè ṣi ìyá àgbà Yorùbá lọ́nà, nítorí bí òní ṣe rí ni ojú ọjọ́ lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé tẹ́lẹ̀, bí àrọ̀kúrò ṣe máa ń pẹ́ tó, àti ibi tí àgbàrá ń gbà kí ilé tó dí i, ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún yóò jáde. Àwọn ọmọ Gbagyi, Nupe àti Hausa náà ní láti wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn lásán. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìkún omi pa ènìyàn tí ó lé ní 150 ní Mokwa, ní Ìpínlẹ̀ Niger kan náà. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá lo òṣùwọ̀n Hart níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè kan kún un: ta ni ó gbé ìbéèrè kalẹ̀, èdè ta ni ó sì fi gbé e kalẹ̀? Ọ̀dọ́ tí ó kàn ń gbé fọ́ọ̀mù kiri, ìránṣẹ́ ni. Kò tíì di olùwádìí.