Ẹ̀yìn Sítíkà Ni Iṣẹ́ Wà

Ojú sítíkà ni oníbàárà máa ń wò: àwọ̀ rẹ̀, àti bí orúkọ ìsọ̀ ṣe hàn sí. Àwa tí a ń gé e, tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti gíláàsì ìsọ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Àkókó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ kì í gbẹ, kò nílò omi tàbí iná kó tó mú. Kí a ṣáà ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó jọ àtè tí a fi ń mú ẹyẹ: ó rọ̀ débi pé ó ń wọ gbogbo kòtò kéékèèké ara ohun tó bá kàn, síbẹ̀ ó le débi pé kì í jẹ́ kí ohun náà bọ́. Bó bá rọ̀ jù, lẹ́tà á máa yọ̀ wálẹ̀ nínú oòrùn. Bó bá le jù, etí rẹ̀ á ká sókè. Fún iṣẹ́ ìta gbangba ní Àkókó, èrò mi ni pé gọ́ọ̀mù akiríìlì tí ilé iṣẹ́ fi kẹ́míkà bíi tíńnà yọ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ ló ń pa ìwọ̀n yìí mọ́ jù.

Rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe irú gọ́ọ̀mù yìí. Ní 1845, àwọn méjì kan tó ń jẹ́ Shecut àti Day gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí pílásítà olóògùn tí wọ́n fi rọ́bà ṣe gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ní 1925, Richard Drew ti ilé iṣẹ́ 3M ṣe téèpù tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń bo ibi tí wọn ò fẹ́ kí ọ̀dà kàn, àwọn akunmọ́tò wa ṣì ń lo irú rẹ̀ títí dòní. Mi ò bu rọ́bà kù. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Àràròmí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, ó ń tètè mú, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti oòrùn a máa jẹ ẹ́. Á pọ́n rúsúrúsú, lẹ́yìn náà á gan. Bónẹ́ẹ̀tì dúdú tó dúró sóòrùn ọ̀sán lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, akiríìlì ló sì lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Wọ́n á ní akiríìlì olómi wà, kò rùn, kò wọ́n. Òótọ́ ni, ó sì tó fún páálí àti fún ara ògiri inú ilé. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí wọ́n fi pò ó mọ́ omi kì í bá omi lọ nígbà tí omi náà bá gbẹ. Ó ń dúró sínú rẹ̀, bí òjò bá sì ń rọ̀ léraléra, ó ń fa omi mọ́ra, gọ́ọ̀mù á funfun, etí á ṣí. Èyí tí a fi kẹ́míkà yọ́ kò ní ọṣẹ nínú: bí kẹ́míkà bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ tán nínú ààrò ilé iṣẹ́, gọ́ọ̀mù tó dà pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ní ti owó, téèpù pupa àti funfun tó ń tan lẹ́yìn tírélà tó ń gba Àkùngbá kọjá lóru kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bó bá bọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní tètè rí ọkọ̀ náà. Ta ni yóò wá ṣírò owó níbẹ̀?

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìlera. Toluene, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí, ń ba ọpọlọ jẹ́ bí a bá ń fà á símú, ó sì ń tètè gbiná. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ́ gọ́ọ̀mù ni ewu náà kàn jù, ibẹ̀ ló yẹ kí òfin ti le. Díẹ̀ péré nínú kẹ́míkà náà ló ń bá róòlù sítíkà dé ọ̀dọ̀ wa. Ewu tiwa ni pẹtiróòlù tí àwọn kan fi ń ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó tún ń fi òróró sílẹ̀, gọ́ọ̀mù tuntun kò sì ní mú. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ ibi tí ẹ fẹ́ lẹ sítíkà mọ́, kẹ́ ẹ wá fi sipíríìtì nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ sì lẹ sítíkà lójú ẹsẹ̀ kí eruku ọyẹ́ tó bà lé e.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ra róòlù, ẹ béèrè irú gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ oníbàárà.