Orúkọ Àrùn Inú ní Èdè Yorùbá: Èyí tí ó Péye àti Èyí tí ó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ní ọdún 1984 ni apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ni ó sì ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà dojú kọ. Wọn kò yà sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn, tàbí tí ilé ìwòsàn bá fẹ́ tẹ ìwé ìléwọ́ fún àwọn aláboyún, olúkúlùkù a máa hun orúkọ tirẹ̀ bí ó ti rí i. Àwọn kan hun ún dáradára. Àwọn mìíràn kàn ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ni, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ojú wọn bá. Mo fẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, kí n má sì yà kúrò lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí nì ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ẹnu títí dé ìdí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí ó bá ṣi àrùn ọ̀nà yìí pè lè tètè mọ ìdí tí wọ́n fi wí bẹ́ẹ̀.

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin èdè wa fún ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. A ní oúnjẹ dà, tàbí pé kò dà. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ni a tún ń lò bí a bá ní yìnyín da omi. Ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an nìyẹn: iyán tí a gbé mì kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí iyán, itọ́ ẹnu, omi kíkan inú àpòlúkù, òróòro àti àwọn omi mìíràn ni ó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí ara tó lè gbà á. Olùkọ́ tí ó bá kọ ‘dídà oúnjẹ’ sí ara pátákó ti kọ́ni ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, irú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Ibi tí ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ara. Iṣẹ́ tí a kó fún inú ti pọ̀ jù. Inú ń run ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná, inú ń run obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù, inú kan náà ni ó ń dùn, òun náà ni ó ń bàjẹ́. Ikùn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo iwájú ara láti abẹ́ ìhà títí dé ìsàlẹ̀ ìdodo ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìlera bá wá pe àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní ikùn, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ìta ni wọ́n ń wí tàbí inú. Bẹ́ẹ̀ orúkọ àpò náà wà ní ẹnu wa: àpòlúkù. Alápatà mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, àwọn olùtumọ̀ ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n ré ìsọ̀ ẹran kọjá lọ sí ìdí ìwé atúmọ̀-èdè, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ṣí inú ẹran wò lójoojúmọ́ tó alápatà. Ó mọ ìfun tínrín yàtọ̀ sí ìfun ńlá, ó mọ ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóóró, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kan òróòro, ẹran ti korò nìyẹn. Kìkì pé a ní láti ṣọ́ra: ọ̀nà mẹ́rin ni àpòlúkù màlúù pín sí, ẹyọ kan ni ti ènìyàn. A kò lè kó ṣàkì bọ inú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, bí ó ti wù kí ó dùn lọ́bẹ̀ tó.

Ẹ̀dọ̀ ni ó lè kó ògbufọ̀ sí wàhálà jù. Bí aláìsàn bá wí fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá pé ẹ̀dọ̀ ń rìn òun, tí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, a ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi yẹ ẹ̀dọ̀ wò, nígbà tí ó jẹ́ pé èébì lásán ni ó ń gbé e. Àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jà gan-an ní orúkọ tí kò mẹ́nu kan ẹ̀dọ̀ rárá: ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ohun tí ojú rí ni orúkọ náà sọ, pé ojú pọ́n, ìtọ̀ sì pọ́n. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni à ń pè ní pípọ́n, ọsàn tí ó pọ́n ńkọ́?) Bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, tàbí tí nǹkan bá dí ọ̀nà òróòro, àwọ̀ tí ó yẹ kí ó bá ìgbẹ́ jáde a kún inú ẹ̀jẹ̀, a sì hàn ní ẹyinjú àti nínú ìtọ̀. Àmì méjèèjì tí dókítà ń wá ni a fi sọ àrùn náà lórúkọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé àrùn tí ń gbé abẹ́ orúkọ náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ọ̀kan kiri, ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni òmíràn ń gbà ràn, abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Kí pọ́njú-pọ́ntọ̀ máa jẹ́ orúkọ àmì, kí a sì máa fi ohun tí ó fà á kún un.

Nínú gbogbo wọn, onígbáméjì ni mo fi jọba. Igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ní òpin 1970 ni àrùn náà wọ Nàìjíríà ní àkókò tí ó ń jà káàkiri ayé. Ní 1991 nìkan, ó pa ènìyàn tí ó ju 7,000 lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Omi ara tí ó ń dà lọ lókè àti nísàlẹ̀ ni ó ń pa ni, omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ní ìwọ̀n tí ó tọ́ ni a sì fi ń dá a padà. Ẹni tí ó bá gbọ́ onígbáméjì ti gbọ́ ewu náà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ bí àwọn oníròyìn mìíràn ti ń pariwo kọ́lẹ́rà lónìí! Kí ni kọ́lẹ́rà sọ fún ìyá arúgbó tí ó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní abà?

Àwọn orúkọ tí a fi jẹ ṣẹ̀dá ni ó kàn. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni a ń pe táífọ́ọ̀dù: jẹ àti ìfun, tí a pè ní àpètúnpè, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe jẹ̀díjẹ̀dí láti ara jẹ àti ìdí. Ẹni tí ó dá orúkọ yìí tó dọ̀bálẹ̀ fún. Àpẹẹrẹ àtijọ́ ni ó wò hun tuntun, òtítọ́ sì wà níbẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn náà a máa dá egbò sí ìfun, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ìfun lè dá lu.

Jẹ̀díjẹ̀dí fúnra rẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ìwé ìléwọ́ kan ti sọ ọ́ di orúkọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí tí ó wú, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni Yorùbá ń fi í pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá lá ṣúgà jù, ìyá rẹ̀ a ní jẹ̀díjẹ̀dí yóò mú un. Bí ẹ̀yìn bá ń dun awakọ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ tí ó le, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìdí tí ó yọ, ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sílẹ̀, àní ọkùnrin tí kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ lọ́dọ̀ aya rẹ̀, gbogbo wọn ni àwọn tí ń ta àgbo ní ibùdókọ̀ ń kó sínú ìgò kan náà. Ìrònú kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Yorùbá tí ó jáde ní 1985, ṣàlàyé pé ní ojú àwọn oníṣègùn wa, aràn àti kòkòrò ti wà nínú ara ní ti ẹ̀dá. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di àrùn, ohun kíkorò ni a sì fi ń dín wọn kù. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Èmi kò bá àgbo jà. Ìtumọ̀ ni mo ń bá jà. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ lè jẹ́ ti iṣan wíwú, èyí tí kì í sábà pa ènìyàn. Ó lè jẹ́ ti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ó sì lè jẹ́ ti jẹjẹrẹ ìfun ńlá, èyí tí a lè gé kúrò bí a bá tètè rí i. Ẹni tí a ti wí fún pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, tí ìwé ilé ìwòsàn sì fi ọwọ́ sí i, kí ni yóò tún gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà? Yóò máa mu àgbo láti ọdún dé ọdún, yóò ní ó ti wà nínú ìdílé àwọn. Àbá mi ni pé kí ìwé ìlera fi jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, kí ó sì sọ ohun tí ó ń wí ní tààrà: ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, iṣan ìdí wíwú, jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àwọn kan yóò ní ará oko kò ní lóye. Ará oko wo ni kò mọ ìgbẹ́, tí kò mọ ẹ̀jẹ̀?

Ó ku ọgbẹ́ inú, èyí tí ó ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọgbẹ́ ni ohun tí àdá tàbí ọ̀bẹ ń dá sí ni lára. Egbò ni èyí tí ó pẹ́ lára, tí ó kọ̀ tí kò san. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọgbẹ́ a máa mú ni béèrè pé kí ni ó ṣá a, ìdáhùn tí gbogbo wa sì ń gbọ́ ni pé ebi ni. Ṣùgbọ́n ní 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò kan ní Ọsirélíà nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn, èyí tí a wá mọ̀ sí Helicobacter pylori, a sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Kòkòrò yìí àti àwọn oògùn ìrora bí asipirín ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ egbò ni yóò béèrè ohun tí kò jẹ́ kí ó san. Egbò àpòlúkù ni kí a máa wí, àti egbò orí ìfun fún èyí tí ó wà ní ibi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru, òsúkè àti inú wíwú kò béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àpẹ́ńdíìsì ni n kò tíì rí orúkọ fún tí ọkàn mi gbà. Títí ẹnìkan nínú wa yóò fi mú èyí tí ó dára wá, ẹ jẹ́ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń run ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún kò ní àyè láti dúró de ìpàdé àwa onímọ̀ èdè.