Afẹ́fẹ́ Kò Mọ̀ Pé Fíìmù Ni

Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe ní Parakou. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti àga ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí àwọn òṣèré tàbí àwọn tó ń ya fíìmù bá dé, mo máa ń kan ohun tí wọ́n fẹ́ lò: ìtẹ́ ọba tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ nìkan la kùn, ògiri pátákó tí kò ní yàrá lẹ́yìn. Kámẹ́rà kì í wo ẹ̀yìn, a kì í sì í fi igi gidi ṣòfò síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn tó kan bàálù ayé àtijọ́ fún fíìmù sí ọ̀gá gbogbo wa. Ohun tí wọ́n kàn gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀, kí ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ojú ènìyàn ṣeé tàn. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé tàn.

Fíìmù tí mo ní lọ́kàn jù ni *Those Magnificent Men in Their Flying Machines*, tí Ken Annakin darí, tó jáde ní ọdún 1965. Ìtàn ìdíje bàálù láti London dé Paris ní ọdún 1910 ni. Wọ́n wo àwòrán ìwọ̀n àtijọ́, wọ́n sì tún bàálù ìgbà náà kàn, igi, aṣọ àti wáyà: Bristol Boxkite, Avro Triplane, Antoinette, àti Demoiselle. Allen Wheeler, ọ̀gá ológun òfuurufú tó ti fẹ̀yìn tì, ni olùdámọ̀ràn wọn.

Demoiselle ni ọkàn mi yàn. Alberto Santos-Dumont ló kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ Brazil tó ń gbé ní Paris. Brazil kan náà tí àwọn Àgùdà ti gbé ọgbọ́n ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ igi wá sí Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ọparun ló fi ṣe egungun ara rẹ̀, sẹ́dà ló fi bo apá rẹ̀. Abẹ́ apá náà, láàárín táyà méjèèjì, ni awakọ̀ ń jókòó sí. Kò sọ pé tòun nìkan ni: ẹni tó bá wù kó kàn án. Ní ọdún 1910, ìwé ìròyìn *Popular Mechanics* tẹ àwòrán rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé.

Àwọn tó tún un kàn fún fíìmù náà rí i pé ó ń sáré lórí pápá, ó ń ta pọ́n-ún, kò sì gbéra. Wọ́n fi kún apá, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù sí i, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà náà ni Wheeler rántí pé ènìyàn kúkúrú tó fúyẹ́ ni Santos-Dumont. Wọ́n wá Joan Hughes, obìnrin kékeré kan tó wà lára àwọn obìnrin mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ní January 1940 láti máa gbé bàálù ogun káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó sí i, Demoiselle sì fò dáadáa. Ara ẹni tó kọ́kọ́ kàn án wà nínú ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán kò sọ ọ́.

Iṣẹ́ aṣọ bàálù ayé àtijọ́ náà kò kéré. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń nà bo egungun apá irú bàálù wọ̀nyí. Wọ́n á fi òwú tí wọ́n ti fi ìda pa rán an mọ́ igi, wọ́n á ta kókó ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n á wá fi ọ̀dà kùn ún. Bí ọ̀dà bá ṣe ń gbẹ ni aṣọ ń fún, títí tí yóò fi máa dún bí awọ ìlù tí wọ́n bá fi ìka kàn án. Bí ó bá fún jù, á wọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́. Ní Parakou níbí, bí ọyẹ́ bá dé, pátákó tí kò gbẹ dénú á fà, á sì là. Ilẹ̀kùn tó wọ́ ṣeé fá. Apá bàálù tó wọ́ lè pa ènìyàn.

Ọdún 1965 yẹn kan náà ni *The Flight of the Phoenix* jáde, ìtàn àwọn tí bàálù wọn já sí aṣálẹ̀ Sàhárà, tí wọ́n fi àfọ́kù rẹ̀ kan òmíràn. Ní July 8, nínú aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Paul Mantz ń wa bàálù tí wọ́n kàn fún un. Ó kan ilẹ̀, bàálù náà ṣẹ́, Mantz sì kú. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí fíìmù náà. Mi ò lè wo ibẹ̀ kí n má bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí a bá kàn fún fíìmù, a sábà máa ń tú u palẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí. Ṣùgbọ́n Boxkite àti Triplane inú fíìmù Annakin ṣì wà ní Old Warden, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fò títí dòní, bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Mo máa ń fi Demoiselle han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé igi lọ́wọ́ kí wọ́n mọ bó ṣe wúwo tó, ìrókò yàtọ̀ sí afárá. Bí oníbàárà bá sì wá ní ká kan àga fóun, ìbéèrè tí mo kọ́ wọn láti kọ́kọ́ bi í ni pé ta ni yóò jókòó lé e.