Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Ìbọn Ju Rọ́bà Lọ

Rọ́bà kan wà tí àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ní Amẹ́ríkà kì í yé jiyàn lé lórí. Kò nípọn tó mílímítà 3. Ihò wà láàárín rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Bọ́fà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń kì í bọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú sípíríngì ìbọn 1911, kí irin má baà máa lu irin nígbà tí ìbọn bá dún. Àwọn kan ò jẹ́ yìnbọn láìsí i. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá gbé e wọ ìbọn ìdíje ti fọwọ́ ara rẹ̀ ra ìyọnu. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ló sì gbé mi débẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí ọ̀gá kan ṣe ń to ìbọn ìdíje pọ̀, yóò rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí rọ́bà wá ṣe, fáìlì ọ̀gá náà ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ra rọ́bà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn náà ni ká kọ́kọ́ mọ̀. John Moses Browning ló ronú kan án, ọmọ bíbí ìlú Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1911 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á fún lílò, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ọta á dorí kọ iwájú. Síláìdì, ìyẹn irin gígùn tó bo òkè ìbọn, á dorí kọ ẹ̀yìn. Ọ̀pá ìbọn á bá síláìdì rìn díẹ̀, nítorí pé eyín tó wà lórí ọ̀pá ti wọnú kòtò tó wà nínú síláìdì. Kí wọ́n tó tú kúrò lára wọn, ọta ti jáde lẹ́nu ìbọn. Nígbà náà ni irin kékeré olójú méjì kan á fa ìdí ọ̀pá wálẹ̀, síláìdì á wá máa dá lọ. Á já èèpo ọta dànù, á tẹ òòlù dùbúlẹ̀, á fún sípíríngì pọ̀, títí á fi kọlu férémù, ìyẹn ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú. Sípíríngì á tún tì í padà síwájú, á he ọta tuntun lẹ́nu mágásíìnì bó ti ń bọ̀. Gbogbo èyí kò gba ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ibi tí síláìdì ti ń kọlu férémù gan-an ni bọ́fà ń jókòó sí.

Èrò tó bí i kò burú. Òṣùká ni bọ́fà jẹ́ láàárín ẹrù àti orí. Ẹni tó ń díje gidi lè yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta láàárín ọdún kan, ojú kan náà sì ni síláìdì ń lù ní gbogbo ìgbà. Bí férémù bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, tó rọ̀ ju irin lọ, ojú ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú tàbí kó sán. Àwọn tó ń ṣe rọ́bà yìí náà mọ iṣẹ́ wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, Shok-Buff, ọ̀dọ̀ Wilson Combat ní ìlú Berryville, ìpínlẹ̀ Arkansas, ló ti wá. Bill Wilson tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1977 kọ́ iṣẹ́ aago títúnṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìbọn ṣe, ojú oníṣẹ́ aago sì hàn nínú ohun tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ta pàǹtírí.

Ṣùgbọ́n òṣùká tó bá ga jù ń mú ẹrù mì. Browning wọn àyè tí síláìdì ní láti sún sẹ́yìn, kò fi ìkankan ṣòfò nínú rẹ̀. Ọta .45 ni ìbọn náà ń yìn, èyí tó gùn jù lọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 1.275 láti ìdí dé orí. Síláìdì gbọ́dọ̀ kọjá sẹ́yìn ìdí ọta tó kàn nínú mágásíìnì, kó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kí sípíríngì mágásíìnì lè gbé ọta yẹn sókè. Bí ọta bá tán, ó gbọ́dọ̀ kọjá ojú ibi tí irin ìdádúró ti ń há a, kó tó lè dúró ní ṣíṣí. Gbogbo ohun tí rọ́bà bá gbà, inú àyè yìí ló ti gbà á. Nínú ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì 5, ó sábà máa ń ṣẹ́kù tó. Nínú àwọn kúkúrú tí ọ̀pá wọn jẹ́ ínṣì 3 àbọ̀, àyè náà ti kéré láti ilẹ̀, rọ́bà kan ṣoṣo sì lè jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ tí ìbọn bá sì dọ̀tí, tí ẹ̀tù inú ọta kan dín díẹ̀, tí ó ti rẹ sípíríngì mágásíìnì, àyè kékeré yẹn ni gbogbo ìrètí ẹni tó di ìbọn mú.

Ẹ wo ohun tó lè ná olùdíje. Nínú ìdíje IPSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri ní 1976, máàkì tí ènìyàn bá gbà ni wọ́n ń pín sí iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò. Bí mágásíìnì bá tán tí síláìdì sì ṣí, ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ lára láti ki mágásíìnì tuntun bọ̀ ọ́, kí wọ́n fa síláìdì sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Bọ́fà ti gba ibi tí síláìdì ìbá sún sí. Olùdíje fà á, kò yẹ̀. Ó tún fà á. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ti lọ. Èyí tó tún burú jù ni kí rọ́bà tó ti gbó já sí wẹ́wẹ́ nínú ìbọn, kí èérún rẹ̀ há sáàárín irin. Inú mi kì í dùn sí èyí rárá: kí alágbẹ̀dẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún irin ṣe dé ìwọ̀n ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì, kí ègé rọ́bà wá dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Ìbọn tí wọ́n ń gbé lọ sí Camp Perry, lẹ́bàá adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí ìdíje orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé ní 1907, ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń di ìbọn mú níbẹ̀. Àmì wà ní yáàdì 50, òbírí máàkì 10 kò sì ju ínṣì 3.36 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ọta 10, ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, ní yáàdì 25, ọta 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, kó tó wá di ọta 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìbọn 1911 tí àwọn ológun fi jagun kò lè ṣe é bó ṣe wà, nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn irin rẹ̀ kí ẹrẹ̀ àti iyanrìn má baà dá a dúró. Alágbẹ̀dẹ ló gbọ́dọ̀ pa àyè yẹn rẹ́, kí ìbọn náà má sì kọṣẹ́.

Síláìdì àti férémù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, tí àwọn alágbẹ̀dẹ Army Marksmanship Unit ní Fort Benning, ẹ̀ka ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, lò dáadáa, wọ́n á fi òòlù lu etí ojú irin tí síláìdì ń gùn lára férémù, kó lè wálẹ̀ ní ìdá ẹgbẹ̀rún mélòó kan ínṣì. Wọ́n á fún ẹ̀gbẹ́ síláìdì náà mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, síláìdì kò ní wọlé mọ́, ohun tí ọ̀gá sì ń wá nìyẹn. Á fi fáìlì kan ojú irin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á gbé síláìdì sí i, á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Kò wọ̀. Á yọ ọ́, á wo ibi tó dán, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ha, á fi fáìlì kan ibẹ̀ nìkan. Bó bá wọlé dé ìdajì, á fi ìpara tó ní iyẹ̀pẹ̀ líle kíkúnná nínú sí i, á máa fà á lọ, á máa fà á bọ̀, títí irin méjèèjì á fi mọ ara wọn. Ìró rẹ̀ á máa yí padà: á kọ́kọ́ máa han, á wá máa ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, níkẹyìn kò ní dún mọ́. Lẹ́yìn tó bá ti fọ ìpara náà kúrò pátápátá, á gbé férémù nàró, síláìdì á sì fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ wá dì í mú kí ẹ mì í, kò ní mì. Kí irin kan fún pinpin, kó sì tún máa yọ̀ báyìí: ojú mi ò tíì rí ohun tó wù mí jù bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ irin.

Ọ̀pá ìbọn ló kàn. Ìdí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì tó gbọ́dọ̀ dúró déédéé lórí irin roboto tó gba inú férémù kọjá. Alágbẹ̀dẹ á fi aró búlúù kun ẹsẹ̀ méjèèjì, á to ìbọn pọ̀, á ṣí i, á pa á, á tún tú u. Ibi tí aró bá ti ṣí ló ń gbé ẹrù. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ṣí, ọ̀pá náà wọ́, ọta á sì máa gba ibòmíràn lọ. Á fi fáìlì kan ọ̀tún fẹ́ẹ́rẹ́, á tún kun ún. Ó lè sú ẹni tó ń wò ó, kì í sú òun. Bó bá gé e jù, ọ̀pá tuntun ni yóò rà. Lẹ́nu ìbọn, bọ́ọ̀ṣì tó di ẹnu ọ̀pá mú náà ní àyè tirẹ̀, ìdá ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì ínṣì.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó kan títa tí ìbọn ń ta sẹ́yìn, níbi tí àwọn oníbọ́fà ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn síláìdì tó di abẹ́rẹ́ ìbọn mú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń ti òòlù dùbúlẹ̀. Nígbà tí Browning kọ́kọ́ ṣe é, igun ìsàlẹ̀ yẹn mú. Nígbà tó yá, wọ́n fá a yípo kó lè rọrùn láti fi ọwọ́ fa síláìdì. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n síláìdì kò tún rí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó gbọ́n á ra èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú, á fi fáìlì mú un bá síláìdì mu, á sì fá igun náà ní ìwọ̀nba bíńtín. Láti ìgbà náà lọ, òòlù àti sípíríngì rẹ̀ á máa gba nínú agbára síláìdì kó tó rìn jìnnà. Rọ́bà ń dúró de síláìdì ní òpin ọ̀nà. Irin yìí ti pàdé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó fi ọgbọ́n hàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni màá mú.

Sípíríngì ló ṣẹ́kù. Pọ́ùn 16 ni ti ìbọn .45 tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5. Àwọn ará Camp Perry tó ń yin ọta òjé tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀ sábà máa ń lo èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní USPSA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje bíi ti IPSC ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka ọta rẹ̀ sí Major, ìyẹn ọta alágbára, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 165, bí wọ́n bá fi ìwúwo ọta ní gréènì sọ eré rẹ̀ di púpọ̀ tí wọ́n sì pín in sí 1,000: ọta gréènì 230 tó ń sá ẹsẹ̀ bàtà 720 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fún un ní 165.6. Bí sípíríngì bá rọ̀ jù, férémù á jìyà. Bó bá le jù, síláìdì á fi agbára padà, ẹnu ìbọn á tẹ̀ sísàlẹ̀, ojú á kúrò lára àmì. Ọ̀gá kì í gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́ lórí èyí. Á yin ọta, á wo ibi tí èèpo ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá ń fò jìnnà jù, síláìdì ń sáré jù. Bí wọ́n bá ń bọ́ sórí bàtà rẹ̀, sípíríngì ti le jù fún ẹ̀tù náà. Á tú ìbọn, á fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú ibi tí síláìdì ti ń kan férémù. Kí ibẹ̀ dán lásán kò ṣe nǹkan kan. Bí etí irin bá ń yọ jáde, iṣẹ́ wà.

Níhìn-ín ni màá ti fún bọ́fà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí pé bọ́fà tuntun kì í parọ́. Ẹ fi í sínú ìbọn tí sípíríngì rẹ̀ pé, ẹ yin ọgọ́rùn-ún ọta, ẹ yọ ọ́: àpá fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó rí. Bí síláìdì bá ti gé e wọlé, sípíríngì ti kú, tàbí kò bá ọta náà mu. Fún irú àyẹ̀wò yìí, ó yẹ kó wà nínú àpótí irinṣẹ́ gbogbo alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ẹni tí férémù ìbọn rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù, tó sì ń fi í dánra wò ní gbogbo ìgbà, mi ò ní bá a jà bó bá fi bọ́fà sí i, bó bá ṣá ti ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó fà ya.

Ìbọn onírin tí ọ̀gá tò, tí sípíríngì rẹ̀ pé, kò nílò rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, kí àwọn ológun tó gba ìbọn Browning, wọ́n yin ọta 6,000 nínú ẹyọ kan. Bó bá gbóná jù, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Kò kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí rọ́bà kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Texas àti Maryland tí ẹ bá ń bá wọn díje, ẹ wá alágbẹ̀dẹ tó mọ fáìlì lò, kí ẹ san owó rẹ̀ láì bá a ná an jù. Ẹ máa pààrọ̀ sípíríngì kó tó kú. Bí ọjọ́ ìdíje bá sì ku ọ̀la, ẹ kó ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ yẹ inú ọ̀pá rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u, kí ẹ yọ bọ́fà kúrò.