Àlá Tí Kò Rí Ẹni Rọ́ Ọ Fún: Àgbéyẹ̀wò Yume Nikki

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ nínú ìdánwò lítíréṣọ̀: ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ni? Ìbéèrè náà bá Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 mu, nítorí olùsọ̀tàn ibẹ̀ a máa gba òǹkàwé níyànjú ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi wọn iṣẹ́ tí ó kún fún abàmì ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ ẹ̀kọ́ kankan síta? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Yume Nikki, eré orí kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Kikiyama ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 2004. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ àlá.

Madotsuki, ọmọdébìnrin kan tí ó ń dá gbé inú yàrá, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Bí òṣeré bá darí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò mi orí, kò ní jáde. Ojú oorun nìkan ni ó ti ń rìn. Nínú àlá, yóò dé ibi tí ilẹ̀kùn 12 wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣí sí ayé ọ̀tọ̀. Ohun 24 ni ó ń wá níbẹ̀. Agboòrùn, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀bẹ wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá já ara rẹ̀ léèékánná lẹ́rẹ̀kẹ́, yóò jí.

Àwòrán eré náà kéré, kò sì dán, bí ti eré ọmọdé ọdún 1980 sí 1989. Ọgbọ́n ọnà rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwòrán tí kò hàn tán ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọkàn ẹni tí ó ń wò ó, ọkàn náà ni ó sì ń dá ẹ̀rù ba ara rẹ̀. Nínú ilé kékeré kan, bí Madotsuki bá pa iná, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 64 ni ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ ń di abàmì tí àwọn òṣeré ń pè ní Uboa. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, yóò bá ara rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kò lè gbé e jáde. Iná pípa, ohun tí à ń ṣe lálaalẹ́, ni ó di ìpayà.

Iṣẹ́ náà kò ṣàì ní àbùkù. Àwọn ayé mìíràn nínú rẹ̀ gbòòrò lásán, òṣeré a sì máa yí ká títí yóò fi sú u. Àwọn kan lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni àlá rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òfìfo ni ó lọ́gbọ́n nínú.

Ní ìparí, lẹ́yìn tí Madotsuki ti rí ohun 24 náà tí ó sì ti dá wọn padà, ó jí, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó sì bẹ́ sílẹ̀. Kò sí àlàyé. Àwọn kan ka èyí sí ikú, àwọn mìíràn kà á sí àlá mìíràn. Àkàrà-oògùn ti Fágúnwà rí ẹni tí ó jókòó gbọ́ ìtàn rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Madotsuki kò rí ẹnì kan rọ́ àlá rẹ̀ fún. Àìsí olùgbọ́ yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Nítorí náà, kò tó kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ohun tí iṣẹ́ ọnà sọ. Ó yẹ kí ó bèèrè ohun tí ó dákẹ́ lé lórí pẹ̀lú.