Bàbá Àgbà Mi àti Ìlù Onítumọ̀ Méjì

Nígbà ayé bàbá àgbà mi, bí àlejò bá wọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó béèrè ilé wọn, ìbéèrè ni àwọn ará ìlú máa ń fi dá a lóhùn: "Kí ni wọ́n tún ṣe?" Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n jẹjọ́ ni. Àpárá ni. Onílù ni wọ́n, ọmọ Àyàn, òrìṣà ìlù, látilẹ̀wá, wọ́n sì fi ìlù tọ́ ìlú náà títí tí kò fi sí agboolé kan tí kò ní ìtàn tirẹ̀ nípa wọn. Ìdílé yẹn ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe jẹun dòní. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tì wọ́n mọ̀ pé òógùn ló wà nídìí àpárá yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ ìlù kò bá yé dénú eegun kò lè fi ìlù tọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò tóbi. Òṣogbo wà nítòsí, Ìlobùú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án. Àmọ́ bí a bá ń ka àwọn ìlú tí onílù ti ń jáde, ẹ má fojú kéré rẹ̀: ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé àti Ràbíù Àyándòkun ti gbé ìlù wa dé òkè òkun. Bàbá àgbà mi kò gun ọkọ̀ òfuurufú rí. Ibi tí wọ́n ń dé kò ju ibi tí ọkọ̀ akérò lè gbé wọn lọ láàárọ̀ kó sì gbé wọn bọ̀ lálẹ́: Òṣogbo, Ìfọ́n, Ẹdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà mìíràn. Ẹdẹ ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí Tìmì Láoyè tó jọba láti 1946 títí di 1975. Ọba náà ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ó sì kọ̀wé nípa ìlù. Bí ẹnì kan bá fi onílù wé alágbe lójú bàbá àgbà mi, wọ́n á bi í léèrè pé, "Ṣé Tìmì náà ń ṣagbe ni?" Kẹ́kẹ́ á pa.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kì í ṣe onílù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí dùndún ṣe ń fọhùn. Igi tí a gbẹ́ nínú ni, ó fẹ̀ lójú méjèèjì, ó fún láàárín. Awọ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ọsán tí a fi awọ gé sì so ojú kan mọ́ èkejì. Ọwọ́ kan á máa fún ọsán, ọwọ́ kejì á máa fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Bí a bá fún ọsán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohùn dò, re, mí tó wà lẹ́nu Yorùbá ni ìlù lè mú. Kò lè pe lẹ́tà kankan. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bá dọ́gba ló máa ń bá ara wọn pàdé lójú awọ.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí ìlù tí Rédíò Nàìjíríà fi ń ṣí ètò rẹ̀ láyé ọjọ́sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ìlù náà máa pè. Ohun tí etí Yorùbá gbọ́ níbẹ̀ ni ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Kò sí ẹni tó kọ́ ìlú, fúnra etí wọn ló túmọ̀ rẹ̀. Àárín ìtumọ̀ kan sí èkejì yẹn gan-an ni bàbá àgbà mi kọ́lé sí.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Olówó kan ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní ìlú tí kò jìnnà sí wa. Ó pa màlúù. Òórùn ẹran gba àdúgbò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn onílù, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ni, kò sí ẹran níbẹ̀, kò sí ẹja. Àwọn tó kù ń ráhùn. Bàbá àgbà mi jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n gbé ìyáàlù, olórí àwọn dùndún, kọ́ èjìká, wọ́n lọ pàdé olówó níbi tó ti ń kí àlejò. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: dò mí re mí, dò mí re mí. Ohun tí olówó gbọ́ ni "Ọ̀gá wa dé". Orí rẹ̀ wú, ó ń fi agbádá jó. Ohun tí àwa tó wà nídìí abọ́ gbọ́ ni "Ẹ̀fọ́ la rí". Ibi gbogbo tí ọkùnrin náà yà sí ni wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ń sọ fún gbogbo àlejò pé ẹ̀fọ́ la rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ẹ̀rín pa á tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó tó pẹ́, abọ́ ẹran dé. Bàbá àgbà mi kò sì fi lílù náà sílẹ̀, wọn ò yí ohùn kan padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá wa dé lóòótọ́ ni.

Nílé ńkọ́? Ìyá àgbà ti fòfin de ẹmu, nítorí orúnkún tó ń yọ bàbá lẹ́nu. Ẹlẹ́mu máa ń gbé tiwọn pamọ́ sẹ́yìn ilé fún wọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé gángan, dùndún kékeré, sábẹ́ abíyá, wọ́n á lù ú pé, "Ọmọ mi dà?" Ìyá àgbà á pariwo sí mi látinú ilé ìdáná pé ṣé n kò gbọ́ pé bàbá ń pè mí ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wá. "Ẹmu mi dà?" ni. Màá gba ẹ̀yìn ilé lọ gbé akèrègbè. Nígbà tó bá jẹ́ èmi gan-an ni wọ́n ń pè, wọ́n máa ń fi oríkì mi ṣáájú: "Àkàndé, ọmọ mi dà?" Ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni ìyá àgbà sọ fún mi pé kò sí ìrọ̀lẹ́ kankan tí òun kò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ. Aya onílù ni òun náà. Ó ní bí bàbá bá fi lè ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ nítorí igbá ẹmu kan, kí wọ́n máa mu ún.

Oríkì tí wọ́n ń fi ṣáájú yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ wa wà. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lójú ìlù, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìtumọ̀ èyíkéyìí lè wọlé. Bí onílù bá fẹ́ kí ìtumọ̀ kan ṣoṣo dúró, yóò fà á gùn: yóò fi oríkì lé orúkọ, yóò fi orílẹ̀ lé oríkì, títí ìtumọ̀ yòókù kò fi ní ríbi dúró sí. Ohun tí onílù ààfin ń ṣe nìyẹn bó bá ń sọ fún ọba pé ẹni báyìí ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá àgbà mi lu ìlù lẹ́nu ọ̀nà ààfin rí, n kò sì gbọ́ kí wọ́n lu ọ̀rọ̀ kúkúrú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn, tó mọ́, tí ọmọdé lè gbọ́. Wọn kì í fi ìlù tọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Wọn kì í fi tọ́ tálákà. Àwọn tó bá fi ọrọ̀ tàbí ipò halẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣeré, àti àwa ọmọ wọn.

Mo ti rí onílù tó ń ṣèèṣì sọ ohun tí kò ní lọ́kàn, ẹni tó fẹ́ yin ènìyàn tó bú u láìmọ̀. Kò lè ṣẹlẹ̀ sí bàbá àgbà mi, nítorí wọ́n ti ka gbogbo ohun tí ohùn kan lè túmọ̀ sí kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹgọ́ lé e. Níbo ni wọ́n ti kà á? Lọ́dọ̀ àwọn ìyá arúgbó. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá kan ní agboolé kan mọ oríkì Oníkòyí tàbí ti Òpómúléró dáadáa, wọ́n á fi obì sápò, wọ́n á lọ jókòó tì í. Wọ́n á ní kó kì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n á máa fi ìka ta itan wọn bó ṣe ń kì í. Alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ máa gbọ́ ohùn ìlù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú yàrá wọn. Wọ́n ń fi ohun tí ìyá náà sọ sójú awọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti wà lóko. Oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni, nítorí òde ìlù kì í sí lójoojúmọ́, ẹnu sì ń jẹun lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti oko dé, iṣẹ́ ìlù ṣíṣe kàn. Igi apá tàbí igi ọmọ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ nínú òjìji, nítorí bí oòrùn bá yára mú igi tútù, yóò là. Awọ ọmọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wá fún ojú ìlù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á nà án. Ọsán ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀: awọ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a lọ́, tó gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá nípọn ju ìyókù lọ, ohùn re á máa ya sí mí. Mo rántí wọn lábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí wọ́n ń fi ìka méjì wọ́ ọsán kọjá, ojú wọn dì, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tó wú. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ ká. Lásìkò ọyẹ́, awọ á le, ohùn á máa sá lọ sókè; lásìkò òjò, awọ á dẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọsán fà fún àsìkò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kúrò nílé, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá débi ìnáwó.

Gúdúgúdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di ìlù tó kù mú, kí ó má yẹsẹ̀. Bílálà méjì ni a fi ń lù ú. Bí mo bá ti ń lù ú tó dùn mọ́ mi, bàbá àgbà mi á mọ̀ọ́mọ̀ yí ìyáàlù sódì, wọ́n á sáré, wọ́n á tún falẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá màá tẹ̀ lé wọn ṣìnà. Bí mo bá dúró lójú kan, wọ́n á yọ ahọ́n sí mi, arúgbó tó ti hewú. Nígbà mìíràn wọ́n á dẹ ọsán kan níkọ̀kọ̀ lára ìlù kànnàngó, wọ́n á gbé e fún mi, wọ́n á máa wò mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá etí mi á gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lu ìlù kẹríkẹrì lẹ́yìn wọn kí wọ́n tó gbà kí n fọwọ́ kan ìyáàlù, wọn kò sì gbà títí mo fi lè fi ẹnu ki oríkì àwọn agboolé tó yí wa ká. Wọ́n ní ohun tí kò bá sí lẹ́nu mi kò lè ti ọwọ́ mi jáde. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, n kò tíì rí ẹ̀kọ́ tó ju èyí lọ.

Wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n lọ ní àsìkò ọyẹ́. Onílù láti ìlú tó yí wa ká ló wá.

Lóde òní, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti bo ìlù mọ́lẹ̀ níbi ìnáwó. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà síni lára léèwọ̀, nítorí náà inú àpò ìwé tàbí orí fóònù ni owó púpọ̀ ń gbà báyìí. Èyí kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gbé gángan lọ́wọ́ kò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn ní olówó lọ, ẹni tí wọ́n sì ń lù ú fún kò gbọ́ èyí pàápàá, ó kàn ń jó. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn baba wa lọ lẹ́rú, wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Àyàn nínú ìlù bàtá. Añá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwa tí èdè náà wà lẹ́nu wa, kí ni àwíjàre wa?

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí onílù bá dúró níwájú yín níbi ìnáwó tó ń bọ̀, ẹ má tíì mú owó jáde. Ẹ bi í pé kí ló sọ. Bó bá lè fi ẹnu sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fún un ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀.