Ẹja Òṣùmàrè àti Ẹja Àkúrẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja òṣùmàrè dáadáa, àárọ̀ kùtù ni kó wá. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ ni àwọn akọ máa ń ṣe fáàrí fún abo. Iwájú ara wọn á dúdú bí aró, ẹ̀yìn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á na lẹbẹ, wọ́n á máa yí ara wọn po. Nínú gbogbo ohun tó wà ní pálọ̀ mi ní Ìkìrun, kò sí èyí tó dùn-ún wò tó o.

Melanotaenia boesemani ni èyí tí mò ń sìn. Adágún Ayamaru ní Papua, lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù New Guinea, ni orírun rẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ lórúkọ yìí, ó sì ti wà lára àwọn ẹja tí ẹ̀rù ń bani pé wọ́n lè run. Kékeré rẹ̀ kò ní àwọ̀, eérú lásán ni. Ó lè tó ọdún kan kí akọ tó yọ àwọ̀ rẹ̀ tán. Oúnjẹ gidi àti omi tó mọ́ ló ń mú un jáde.

Omi yìí gan-an ni iṣẹ́. Omi ẹ̀rọ tó ń ti Èkó-Ẹ̀ńdé wá, níbi tí wọ́n ti dí odò Ọ̀tìn, ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú. Mo máa ń pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹja òṣùmàrè máa ń sáré, ó ń fẹ́ àyè, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn nínú omi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní sólà kékeré tó ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ní ti oúnjẹ, mo fara mọ́ tanwíjí ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà nínú agolo lọ. Ẹ kàn rí i pé ẹ ń sẹ́ ẹ lójoojúmọ́, kó má baà di ẹ̀fọn.

Ẹja kan wà tó jẹ́ tiwa, tí ẹwà rẹ̀ kò kéré sí èyí. Fundulopanchax gardneri ni, ọdún 1911 ni Boulenger kọ nípa rẹ̀. Inú àwọn ìṣàn omi kéékèèké ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ń gbé. Ara akọ ń dán bí àyìnrín, ó sì kún fún tótòtó pupa. Lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni èyí tí àwọn olùsìn ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pè ní Akure, nítorí pé agbègbè Àkúrẹ́ ni wọ́n ti kó o. Ẹyin rẹ̀ le débi pé wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nínú lẹ́tà. Láti ọdún 1961 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní ẹgbẹ́ fún irú ẹja yìí, American Killifish Association.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn. Àpótí kékeré tó o, kò bèèrè ẹ̀rọ atẹ́gùn. Mo fi ewé fúrúùtù gbígbẹ sínú omi rẹ̀, mo so òwú ìhunṣọ kọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń yé sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹyin á pa. Artemia, oúnjẹ tí àwọn tó ń pa ọmọ àrọ̀ ń lò, ni mo ń fún àwọn ọmọ náà. Ẹ bo ojú àpótí o, nítorí ó ń fò.

Àwọn ará ìlú Òkukù àti Ìnísà ń bọ odò Ọ̀tìn lọ́dọọdún, wọ́n mọ̀ pé odò ní iyì tó ju ìpẹja lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sin àrọ̀ níbẹ̀, ẹ ti mọ omi, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹyin. Ẹ ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún ẹja ìṣàn omi wa. Ẹ sì bá mi bẹ àwọn tó ń da oògùn olóró Gamalin sódò nítorí ẹja ọbẹ̀ kí wọ́n jáwọ́, nítorí àwọn kéékèèké aláwọ̀ wọ̀nyí náà ń bá a lọ.